Ọ̀nà Amẹ́ríkà Láti Limawa: Ohun Tí Ará Íńdíà Ń Sọ Síta, Táwa Ń Fi Pamọ́

Ọmọ Limawa, àdúgbò kan ní Minna, tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò GRE, èyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá oyè tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, nínú yàrá ara rẹ̀, iná mànàmáná ni yóò kọ́kọ́ bá fà á kó tó kan ìṣirò. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni ETS, ilé iṣẹ́ tó ni ìdánwò náà ní Amẹ́ríkà, ti gbà kí èèyàn máa ṣe é nílé lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òfin tó so mọ́ ọn le bí ojú ẹja. Ìwọ nìkan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí nínú yàrá. Ilẹ̀kùn á wà ní títì, tábìlì á mọ́ láìsí ìwé lórí rẹ̀, ojú kámẹ́rà á sì wà lára rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, nǹkan bíi wákàtí méjì. Ohun tí o máa fi ṣe ìṣirò gan-an kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwé lásán. Pátákó kékeré tó ṣeé nù ni wọ́n fẹ́, wàá sì nù ún lójú wọn tí o bá ṣe tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì já wọlé, wọ́n lè fagi lé gbogbo rẹ̀. Nínú àgbàlá tí ìdílé mẹ́rin ti jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri?

Ká tiẹ̀ ní ará ilé gbọ́ ẹ̀bẹ̀, iná kì í gbọ́. Ìpínlẹ̀ Niger, tí Minna jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ló sì ń fi agbára iná ṣe oríkì. Dáàmù Kainji, ti Shiroro àti ti Zungeru wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, ti Jebba wà ní ààlà òun àti Kwara. Síbẹ̀, ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò ní Minna ní láti bu epo sí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, kó tún ra dátà ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀kan má baà já a kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í tiẹ̀ dán ti inú ilé wò. Wọ́n á gba Suleja lọ sí Abuja, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀, wọ́n á sì lọ ṣe é ní gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ kejì.

Kì í ṣe pé ìwé ṣàjèjì sí ìlú náà. Minna ni olú iṣẹ́ NECO wà, lójú ọ̀nà Bida. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò fún àwọn ọmọ káàkiri Nàìjíríà. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, FUTMinna, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1983, ọgbà rẹ̀ kan ní Bosso nínú ìlú, èkejì ní Gidan Kwano lójú ọ̀nà Bida kan náà. Limawa, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Chanchaga, tóbi débi pé wọ́ọ̀dù méjì ni wọ́n pín in sí. Gbagyi, Nupe, Hausa, Yorùbá àti Ìgbò ló jọ ń gbé Minna. Ojú irin ló gbé púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tiwa débẹ̀, nítorí nígbà tó fi máa di ọdún 1912, ojú irin tó ti Èkó bọ̀ àti èyí tó ti Baro lọ sí Kano ti pàdé ní ìlú náà. Ní báyìí, Texas àti Ohio ni àwọn ọmọ ìlú yìí ń wò lórí fóònù.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti gbé ọ̀rọ̀ náà wò ni Íńdíà. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, ìròyìn Open Doors tí àjọ IIE máa ń gbé jáde lọ́dọọdún fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ 331,602 láti Íńdíà ló wà ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2009, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Íńdíà yóò ṣíwájú Ṣáínà. Nàìjíríà ní 20,029. Àwa la ṣíwájú ní gbogbo Áfíríkà, ipò keje la sì wà ní àgbáyé, kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí: èèyàn Íńdíà fi díẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà tiwa lọ, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Amẹ́ríkà ju ìlọ́po mẹ́rìndínlógún tiwa lọ.

Kí ló fà á? Ẹni tó bá ní ọpọlọ wọn ju tiwa lọ kò tíì bá ọmọ FUTMinna jókòó. Àwọn kan yóò ní owó ni. Owó wà ńbẹ̀ lóòótọ́, a óò dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n rupee kì í ṣe dọ́là bí náírà kì í ṣe dọ́là, kì í sì í ṣe ọmọ olówó ni gbogbo àwọn tó ń lọ. Ohun tí mo rí ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá mọ ọ̀nà máa ń sọ ọ́ síta. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa ń gbé e pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká gba Hyderabad lọ, olú ìlú ìpínlẹ̀ Telangana ní gúúsù Íńdíà. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ameerpet. Ẹni tó bá ti rìn ní Computer Village ní Ikeja yóò tètè mọ irú ibi tí mo ń wí, àyàfi pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń tà ní tibẹ̀, kì í ṣe fóònù. Pátákó lórí pátákó, ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké tó gun ara wọn lórí, èyí fún kọ̀ǹpútà, èyí fún GRE, èyí fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà sùn sì yí wọn ká. Kò sí ẹni tó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè níbẹ̀ pé kí ni I-20, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà máa ń fún ẹni tí wọ́n bá gbà kó tó lọ béèrè físà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ti lọ, ọmọ aládùúgbò ti lọ, ọkọ àbúrò wà ní New Jersey. Ọ̀rọ̀ ojúmọ́ ni.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà. Ọmọ tó bá jáde lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ físà ní Hyderabad tàbí Mumbai, kó tó délé, ó ti lè kọ gbogbo rẹ̀ sórí Telegram: fèrèsé tó dúró sí, ìbéèrè tí wọ́n bi í, bó ṣe fèsì, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sí i, ìwé tí wọ́n wò àti èyí tí wọn kò wò, ibi tí òun rò pé òun ti ṣìṣe. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún náà a máa kọ tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kù sí ọ̀la á kà á, á fi múra sílẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n ni òwe tiwa. Àwọn ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ẹ má sì rò pé wọn kì í gbàdúrà. Lẹ́yìn odi Hyderabad, ní Chilkur, tẹ́ḿpìlì Balaji kan wà tí ayé mọ̀ sí tẹ́ḿpìlì físà. Ẹni tó bá lọ tọrọ ohun kan níbẹ̀ á yí ibi mímọ́ náà ká nígbà mọ́kànlá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ohun tó tọrọ, á padà wá yí i ká nígbà méjìdínláàádọ́fà. Ẹni tó bá ti rí bí èèyàn ṣe ń na pásípọ́ọ̀tù sókè ní àwọn ibùdó àdúrà tó wà lójú títì Èkó sí Ìbàdàn kò ní rí Chilkur bí ohun àjèjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbangba ni ẹni tó ń yí tẹ́ḿpìlì ká ń yí i. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló mọ ohun tó ń wá.

Ní ti owó, ọ̀nà tiwọn àti tiwa pín yà pátápátá. Nínú 331,602 yẹn, 196,567 ló wà fún oyè tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, máṣítà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá á fi ilé tàbí ilẹ̀ dúró ní báńkì, wọ́n á yá owó, ọmọ á kàwé fún ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, òfin tí wọ́n ń pè ní OPT gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, àti ọdún méjì sí i bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kọ́. Owó oṣù àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń san gbèsè. Bí iṣẹ́ kò bá yá, gbèsè dúró sórí ilé bàbá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba ẹni tuntun láti òkèèrè lórí físà iṣẹ́ H-1B, tí ọ̀pọ̀ wọn ń retí lẹ́yìn OPT, yóò san 100,000 dọ́là. Ẹ lè fojú inú wo bí ọ̀pọ̀ bàbá ní Telangana ṣe sùn lóru ọjọ́ náà.

Ní Limawa, báńkì wo ni yóò gba ilé bàbá ẹni kó sì ka dọ́là síta nítorí ìwé kíkà? Owó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 2024, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nílé níbí ló wà fún. Ọmọ tiwa kò ní ẹni tí yóò yá a lówó, nítorí náà, ibi tí wọ́n ti máa fún un lówó ló ń wá. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn tó jáde ní Gidan Kwano ni ibi tí ilé ẹ̀kọ́ ti ń san gbogbo rẹ̀.

Irú ibẹ̀ wà dáadáa, mo sì rò pé ohun tó ṣeyebíye jù nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá gbà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í sábà sanwó ilé ìwé. Yóò máa ran ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ nínú ìwádìí, tàbí kó máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ilé ẹ̀kọ́ á san owó ìwé rẹ̀, wọ́n á sì tún fún un lówó oúnjẹ àti ilé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka níbẹ̀ ló sì ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan wọ inú ètò ọ̀mọ̀wé tààrà. Ọmọ wa tó jáde pẹ̀lú B.Eng. ọlọ́dún márùn-ún á jókòó sílé, á máa wá owó máṣítà tí kò nílò. Ta ni yóò sọ fún un? Ẹni tó mọ̀ ti lọ, kò sì sọ̀rọ̀.

Èmi kò bú àwọn tí kò sọ̀rọ̀. Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Ọmọ wa á ṣe ìdánwò, á kọ̀wé, á lọ sí Abuja lọ gba físà, àbúrò tí wọ́n jọ ń sùn kò ní mọ̀. Fọ́tò inú bàálù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ̀rù ayé wà ńbẹ̀, ẹ̀rù ìtìjú sì wà ńbẹ̀ tó tún ju ti ayé lọ: bí wọ́n bá kọ físà fún un, gbogbo ọ̀nà ọjà ni wọ́n á ti máa bi í pé ṣé kò tíì lọ ni. Òfin Amẹ́ríkà tó wà ní ìpín 214(b) gbà pé ẹni tó ń béèrè físà akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ jókòó síbẹ̀ ni, àyàfi bó bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, olúkúlùkù ló rò pé òun nìkan ni orí òun burú.

Ó dára ká rántí pé agbègbè yìí gan-an ti bí ẹnì kan tó ṣe òdì kejì. Zungeru kò jìnnà sí Minna. Nígbà kan rí, ibẹ̀ ni olú ìlú Àríwá Nàìjíríà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1904, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn ológun. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, Gánà ni ọ̀nà yẹn já sí. Lọ́dún 1925 ló wá lọ ní tòótọ́, sí Storer College ní West Virginia, lẹ́yìn náà sí Howard, sí Lincoln ní Pennsylvania, àti sí Yunifásítì Pennsylvania. Ó fọ abọ́, ó wa èédú, ó sì ja ẹ̀ṣẹ́ kí owó tó pé.

Nígbà tó padà dé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1934, kò pa ẹnu mọ́. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ní Accra lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Èkó nínú West African Pilot tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1937. Ó ń sọ ọ́ lórí pèpéle. Kwame Nkrumah, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Accra, lọ sí Lincoln lọ́dún 1935. Lọ́dún 1938, ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà kan wọkọ̀ lọ sí ilé ìwé kan náà, Mbonu Ojike àti K. O. Mbadiwe wà lára wọn. Ọ̀nà tí ọkùnrin kan là, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ júwe, ni gbogbo wọn tọ̀. Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Babs Fafunwa ọmọ Èkó gba oyè àkọ́kọ́ ní Bethune-Cookman ní Florida lọ́dún 1950, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York lọ́dún 1955. Lẹ́yìn náà ló padà wá darí ètò Ifẹ̀ tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ jìnnà sí i, Orishatukeh Faduma, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì gbà sílẹ̀, ti wà ní Yale kí ọdún 1900 tó dé.

Ó kan ohun tí ọmọ tó ń múra sílẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Èsì tiwa wà lórí 5.00, tiwọn wà lórí 4.00. Ọmọ tó ní 4.20 kò gbọdọ̀ jókòó kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di 3.36. Kó kọ ọ́ bó ṣe wà, 4.20 nínú 5.00. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á darí rẹ̀ sí WES tàbí irú àjọ bẹ́ẹ̀. Transcript ni ọ̀rọ̀ kejì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, èèyàn lè sanwó rẹ̀ lónìí kó má jáde fún oṣù mélòó kan, nígbà tí ọjọ́ ìparí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà fún oyè ọ̀mọ̀wé máa ń bọ́ sí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní. Àgùnbánirọ̀ tó bá fẹ́ wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó ti béèrè transcript kó tó bọ́ aṣọ kàkí.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí gbogbo wa mọ̀: olùkọ́ tó ní iṣẹ́ lọ́rùn á ní kí ọmọ lọ kọ ọ́ wá, kí òun buwọ́ lù ú. Wọ́n ń ṣe é ní Íńdíà náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ tó ń ka ìwé náà ní Amẹ́ríkà á rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta lábẹ́ ohùn kan ṣoṣo, gbólóhùn kan náà, àṣìṣe kan náà. Ó sàn kí ọmọ kọ ohun tó ṣe lábẹ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ojú ìwé kan, kí ó fi ran olùkọ́ náà létí, kí olùkọ́ sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ lẹ́tà.

Bákan náà ni ìwé tí ọmọ fúnra rẹ̀ máa kọ. Àwa fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ látorí ìyà tó jẹ wá ní kékeré, ká tó wá fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run parí rẹ̀. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá ni ìbéèrè tí ó ń jẹ ọ́ lọ́kàn, iṣẹ́ tí o ti ṣe lórí rẹ̀, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ka tirẹ̀ ló yẹ ọ́. Ọmọ tó ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí omi kànga ní Kpakungu ní Minna tàbí lórí ìkòkò amọ̀ àwọn Gbagyi ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ Boston. Kí ó kọ ọ́. Kí ó sì kọ ímeèlì kúkúrú sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti ka iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà kan náà sí ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olóye yẹn tètè ń mọ̀.

Lórí owó ìdánwò, 220 dọ́là ni GRE lọ́dún 2025. Nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦1,500 lọ́dún náà, ₦330,000 nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù márùn-ún ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ nígbà náà. Láti ìgbà Kòrónà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti sọ pé àwọn kò béèrè GRE mọ́, nítorí náà kí èèyàn wò ó kó tó sanwó. Owó ìforúkọsílẹ̀, tí ó lè jẹ́ 75 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ìwé kan, ọ̀pọ̀ wọn a máa dárí rẹ̀ jì ẹni tó bá béèrè. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan gba lẹ́tà láti yunifásítì ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ́fíìsì EducationUSA wà ní Abuja àti ní Èkó, wọ́n sì máa ń la ọmọ lọ́yẹ̀ lórí gbogbo èyí. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ti san owó gọbọi fún agbódegbà kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Nípa àwọn agbódegbà, sísọ̀rọ̀ síta kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀tàn tán, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà ti Tri-Valley University pa ní California. Ọmọ Íńdíà ló pọ̀ jù nínú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹ̀tàn sì ni ilé ìwé náà. Wọ́n rán ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́dún 2014. Lọ́dún 2019, ó hàn síta pé University of Farmington ní Michigan jẹ́ ayédèrú tí àwọn agbófinró fúnra wọn gbé kalẹ̀ láti fi mú èèyàn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n mú, ọmọ Íńdíà ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń ran ogunlọ́gọ̀ lọ́wọ́ ló gbé ogunlọ́gọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwé kan jẹ́ ojúlówó lè wo àwọn tó fọwọ́ sí i, kó sì béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ń kọ́ni ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àbí owó nìkan ni wọ́n ń gbà?

Ìṣòro tó dé kẹ́yìn kì í ṣe ti agbódegbà. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá fífún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tuntun dúró káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní oṣù Kẹfà, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ojú òpó Facebook àti Instagram rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí àwọn lè wò ó. Ní oṣù Keje, físà ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu ìkéde tó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín ìwọlé wọn kù, pẹ̀lú Olómìnira Benin tó jẹ́ aládùúgbò wa. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ni físà akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró fún ẹni tí kò tíì ní in. Ẹni tó ti gbà á ṣáájú ọjọ́ náà, wọn kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ Íńdíà kò sí nínú ìkéde yìí. Àwọn tiwa tó ti ṣe GRE, tó ti gba lẹ́tà ìgbàwọlé, ni ọ̀rọ̀ náà já lé lórí. Àwọn kan ti yíjú sí Kánádà, àwọn kan sí Jámánì, níbi tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ìwé. Àwọn kan sì ń wo Íńdíà fúnra rẹ̀, nítorí àjọ ICCR ti ìjọba ibẹ̀ máa ń fún ọmọ Áfíríkà ní sikọ́láṣíìpù, ìjọba Kano náà sì ti rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ rí. Àwọn àgbà tó kàwé ní àwọn ọdún 1970 sí 1980 kò ní rí èyí bí ohun tuntun. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní olùkọ́ Íńdíà tó kọ́ wọn ní físíìsì tàbí ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó ń na ìka sí pátákó, tí wọn kò sì gbàgbé bó ṣe ń pe orúkọ wọn.

Ẹni tó bá ti ní lẹ́tà ìgbàwọlé pẹ̀lú owó ìrànwọ́ lọ́wọ́, kó má sáré dá a padà. Àdéhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà buwọ́ lù lábẹ́ Council of Graduate Schools, pé ẹni tí wọ́n fún ní owó ìrànwọ́ kò ní láti fèsì kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin tó dé. Kí ó kọ̀wé sí ẹ̀ka náà kí ọjọ́ yẹn tó pé, kí ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè sún ìwọlé òun sí sáà mìíràn, àti bóyá owó náà yóò dúró dè é. Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni kó gbà lákọsílẹ̀, nítorí wọ́n lè tọ́jú àyè fún èèyàn, kí owó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà á sì ti tán kó tó dé.